Ẹ̀bẹ̀ Tí Ṣìkẹ́ Bá Ameenah Bẹ̀

Tí ẹ bá dé Ka'kiyah, ní apá gúúsù Mẹ́kà, tí ẹ béèrè ilé Ṣìkẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé Ṣìkẹ́ wo. Àmọ́ tí ẹ bá ti ní "Agbẹnusọ," ọmọdé gan-an á nàka sí i fún yín. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń da ọmọ Yorùbá láàmú ládùúgbò yẹn tí wọn kì í pè é sí. Tí ìkámà ẹnì kan, ìyẹn ìwé ìgbélé, bá ní wàhálà, Ṣìkẹ́. Tí onílé bá fẹ́ lé èèyàn jáde, Ṣìkẹ́. Tí obìnrin bá ń rọbí tí nọ́ọ̀sì ń bi í léèrè ohun tí kò yé e, wọ́n á ní ẹ sáré lọ pe Ṣìkẹ́, obìnrin yìí á sì dé, abaya ẹ̀ ò ní tíì wọ̀ ọ́ lára dáadáa, á ti máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá ẹ̀ ló kúrò ní Ìsẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ rìn, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó gba ilẹ̀ Sudan kọjá, ọdún mẹ́ta gbáko ló lò lọ́nà kó tó fojú kan Kábà. Nígbà tó ṣe hájì tán, ó ní òun ò padà mọ́. Ṣìkẹ́ fúnra ẹ̀ ò fojú kan Ìsẹ́yìn rí. Àmọ́ ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹ̀! Irú Yorùbá àtijọ́ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé máa ń gbọ́ tí wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àlàájà, ìyá ìyá mi ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí." Òun náà á rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Àwọn ọmọ tiẹ̀ ńkọ́, Raghad àti Osama? Tó bá fi Yorùbá pè wọ́n, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ó bá wọn jà títí, ó sú u. Ló bá kúkú gbá ẹ̀kọ́ ilé mú ṣinṣin. Ọmọ ò gbọdọ̀ dúró kí àgbà. Ọmọ ò gbọdọ̀ wo àgbà lójú kòrókòró. Tí àgbà bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ dá sí i, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èyí tó wá ga jù nínú gbogbo ẹ̀: tí àgbà bá ti bínú sí ẹ, o ṣẹ̀ ni o, o ò ṣẹ̀ ni o, kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Tó bá yá, tí inú ẹ̀ bá rọ̀, a ó wá ṣàlàyé.

"Tí n ò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́?" Raghad bi í báyìí lọ́jọ́ kan.

"Kí ló ń dùn ẹ́ ní orúnkún? Ṣé wọ́n ní kó o gbé òkúta ni?"

Hussain, ọkọ ẹ̀, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Bahra, bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń jẹun. "Raghad, gbà fún ìyá ẹ. Kúnlẹ̀. Èmi gan-an ti ń kúnlẹ̀ láti ọdún tí mo fẹ́ ẹ."

Bí ilé wọn ṣe rí nìyẹn. Ilé aláriwo, ilé ẹ̀rín.

Ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ tiwọn, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré sí i, ni Sharifa ń gbé pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, Ameenah. Sharifa náà, Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ọkọ ẹ̀ ti kú. Ṣìkẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí Ameenah, òun ló kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tí Ameenah pé ọmọ ogún ọdún tó ń wáṣẹ́, Ṣìkẹ́ náà ló mú un lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tóun ti ń ṣiṣẹ́ ní Shubaikah, nítòsí Haram, mọ́sálásí ńlá tí Kábà wà. Ó ti lé lógún ọdún tí Ṣìkẹ́ ti wà níbẹ̀, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń tún yàrá ṣe. Ó sọ fún máníjà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rayan, pé, "Ọmọ mi ni. Èmi ni kó o máa bi." Láàárín ọdún méjì, Ameenah ò pẹ́ dé rí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò lẹ́nu, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bí ẹni tó ń ṣààwẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kété lẹ́yìn ìrun alásárì, obìnrin àlejò kan tó ń jẹ́ Jawaher sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì, ó ní òun ò rí ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà òun mọ́. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun fi sí kóun tó jáde lọ sí Haram láàárọ̀. Wọ́n tú yàrá, wọn ò rí i. Wọ́n wo ìwé iṣẹ́: Ameenah ló tún yàrá yẹn ṣe láàárọ̀. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Wọ́n pe Ameenah. Wọ́n sì pe Ṣìkẹ́, torí ẹni tó bá ní "ọmọ mi ni" ló ń jẹ́ ìpè ọmọ.

Nígbà tí Ṣìkẹ́ wọ ọ́fíìsì Rayan, Ameenah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ọwọ́ méjèèjì mú. Jawaher jókòó, ojú ẹ̀ pọ́n. Ọlọ́pàá náà ti ṣí ìwé sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn dà bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan tán kó máa lọ ni.

"Ṣé ìwọ lo mú un?" Ọlọ́pàá ló bi Ameenah.

Ameenah lanu. Ẹ má gbàgbé o, Lárúbáwá ọmọ yìí dáa ju ti Ṣìkẹ́ lọ. Ilé ìwé Lárúbáwá ló lọ. Ó ní, "Wallahi, mi ò..."

Ṣìkẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀. "Pa ẹnu ẹ mọ́!" Yorùbá ló fi sọ ọ́. "Ṣé o ò rí bí ojú àgbà ṣe pọ́n ni? Kúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n."

"Khala, mi ò mú un." Bó ṣe máa ń pe Ṣìkẹ́ nìyẹn, bí ẹni ń pe àbúrò ìyá ẹni ní Lárúbáwá.

"Ta ló bi ẹ́? Mo ní kó o kúnlẹ̀! Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná."

Ameenah wò ó. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì Rayan, ó dorí kodò. Ṣìkẹ́ wá kọjú sí àwọn ará ibẹ̀, ó gbé ohùn ẹ̀bẹ̀ yẹn jáde, ohùn tó ti fi yanjú ìjà onílé àti ìjà tọkọtaya fún ogún ọdún. Ó fi Lárúbáwá bẹ̀ wọ́n: "Ẹ dárí jì í. Ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé."

Ọlọ́pàá gbójú sókè. "Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

"Láé. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ó ń tọrọ àforíjì, àbí?"

"Na'am. Ó ń tọrọ àforíjì. Ẹ wò ó lórí ìkúnlẹ̀."

Ọlọ́pàá kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pẹ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó yí ìwé náà padà, ó ní kí Ameenah wá tẹ ìka. Ameenah ò ka ìwé náà. Ojú Ṣìkẹ́ ló wò, bó ṣe máa ń wò ó látìgbà tó ti wà lọ́mọ kékeré tí ẹnì kan bá na nǹkan sí i, láti mọ̀ bóyá kóun gbà á. Ṣìkẹ́ mi orí sí i.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí ọlọ́pàá ní kí Ameenah dìde, kí wọ́n máa lọ, ni àyà Ṣìkẹ́ já. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ibo lẹ̀ ń mú un lọ? Ṣebí a ti bẹ̀ yín?"

"Ẹ ti bẹ̀ wá," ọlọ́pàá dá a lóhùn, ó ń pa ìwé ẹ̀ dé. "Ìyẹn gan-an ni mo kọ."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an. Obìnrin tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀, tí kì í dákẹ́ nídìí iná, ó dúró síbẹ̀ bí ògiri. Ìkámà ẹ̀ fẹ́ parí, òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló sì ń bá a tún un ṣe. Tóun bá sọ pé ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Rayan á ní òun ń bá ọlọ́pàá jiyàn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi rò ó. Ìṣẹ́jú kan ọ̀hún náà ni wọ́n fi mú Ameenah gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Ohun tí Sharifa ṣe nígbà tó gbọ́ ló wá burú jù. Ṣìkẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún un pé wọ́n mú ọmọ lọ bi í ní ìbéèrè, pé òun wà níbẹ̀, pé òun bá wọn sọ̀rọ̀. Kò purọ́. Ó kàn fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Sharifa sunkún, ó nu ojú, ó wá kúnlẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wọn ò jura lọ. "Ìyá Raghad, Ọlọ́run á ṣàánú fún ẹ. Tí kì í bá ṣe pé o wà níbẹ̀, ta ni ì bá gbẹnu sọ fún ọmọ mi?"

Ṣìkẹ́ gbé e dìde. Ojú ń tì í débi pé kò lè di ọwọ́ ẹ̀ mú dáadáa.

Látọjọ́ náà, ilé aláriwo dákẹ́. Tí Ṣìkẹ́ bá fẹ́ jáde, ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ wà lójú àtẹ̀gùn. Tí Sharifa bá gbé oúnjẹ wá fún un, torí ó ń gbé e wá o, wọn ò kúkú ní kó gbé e wá, Ṣìkẹ́ á gbà á, á gbé e kalẹ̀, kò ní lè jẹ ẹ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, ó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ pé, "Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn! Ẹ ò rí i pé àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù." Òmíràn ní, "Ó jẹ́wọ́ kẹ̀, ó tẹ̀ka. Àlàájà Ṣìkẹ́ gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un, kò rí i ṣe." Gbogbo wọn wá yíjú sí Ṣìkẹ́, wọ́n ń fi àánú wò ó, pé ó kú ìtìjú ọmọ aládùúgbò. Ó wo fèrèsé.

Lọ́jọ́ kẹfà, Raghad bi í pé, "Mama, kí ló dé tí Ameenah fi jẹ́wọ́ tí kò bá mú un?" Kò dúró gba èsì, ó tún ní: "Wọ́n ní tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á dá a padà sí ìlú ẹ̀. Ìlú ẹ̀ wo? Ṣé Ka'kiyah ni?"

Nàìjíríà ni wọ́n ń sọ. Torí àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí bàbá bàbá wọn ti sin bàbá sí ilẹ̀ yìí, ìwé ọmọ onílẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ni Ameenah ní, bí ẹni ní fọ́tò ẹni tí kò mọ̀. Kò mọ ẹnì kan níbẹ̀. Kò mọ ojú òpópónà kan níbẹ̀.

Ṣìkẹ́ wọ ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ibẹ̀ ni Hussain ti bá a, Ṣìkẹ́ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Hussain gbọ́ ọ tán, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó ní, "Wọ aṣọ. À ń lọ sí Jẹ́dà."

Dókítà Lateef ni wọ́n lọ bá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ òfin ní yunifásítì kan ní Jẹ́dà, Hussain sì ti tún ọkọ̀ ẹ̀ ṣe rí. Aasiyah, ìyàwó ẹ̀, gbé tíì kalẹ̀ fún wọn, ó sì jókòó, kò jáde, torí ó rí ojú Ṣìkẹ́.

Ṣìkẹ́ sọ ọ́. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ kó má burú tó bó ṣe rí, àmọ́ Dókítà ń dá a dúró. "Àlàájà, ta ló kọ́kọ́ sọ pé kó kúnlẹ̀?" "Èmi." "Ṣé ó fẹ́ sọ̀rọ̀?" "Ó fẹ́ sọ̀rọ̀." "Ta ló dá a lẹ́kun?" Ṣìkẹ́ wo ife tíì. "Èmi náà ni."

Dókítà fẹ̀yìn tì. "Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Àwọn onílẹ̀ kan wà ní Ọsirélíà, àwọn dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Tí ọlọ́pàá bá bi wọ́n ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn gba ọ̀rọ̀ aláṣẹ, kí aláṣẹ lè fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ ẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn adájọ́ ibẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Wọ́n wá ní kí ẹnì kan tó bá jẹ́ tiwọn máa jókòó tì wọ́n."

"Ameenah kúkú ní ẹni tó jókòó tì í," Ṣìkẹ́ sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Aasiyah ló tún fi tíì kún ife ẹ̀.

"Ọmọ náà lè sọ fún adájọ́ pé òun ò jẹ́wọ́," Dókítà tún sọ, "adájọ́ á sì gbọ́. Àmọ́ ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìka ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ìka ṣe débẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin ò lè lọ ni? Ẹ mọ òfin. Ẹ mọ ìwé."

"Mi ò sí níbẹ̀, Àlàájà."

"Wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́. Ìkámà mi..."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní tàn yín."

Ni Ṣìkẹ́ bá ti àga sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà míì. Ẹ má bínú, ẹ ṣàánú mi."

"Ẹ dìde! Bàbá Raghad, ẹ bá mi gbé wọn dìde! Àlàájà, ẹ wo ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ mí?"

Hussain di apá ẹ̀ mú. Ojú ti òun náà fún ìyàwó ẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí nǹkan kó sí lójú.

Ṣìkẹ́ ò lè lọ sí kóòtù kí Sharifa tó gbọ́ ọ. Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀, ó le ju adájọ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rin ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, ó kan ilẹ̀kùn, kò jókòó. Ó ro gbogbo ẹ̀ láìmí. Sharifa ń ká aṣọ. Ó ń ká a lọ, títí ọ̀rọ̀ fi dé ibi ìtẹ̀ka, ó wá dáwọ́ dúró.

"Ìwọ lo ní kó kúnlẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ó sọ fún ẹ pé òun ò mú un?"

"Ó sọ fún mi."

Sharifa gbé aṣọ kan, ó tún gbé e kalẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ò ga rárá.

"O sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ẹ."

Ṣìkẹ́ fẹ́ ní "má bínú," ó rántí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣe, ó gbé e mì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ ẹjọ́. Dókítà Lateef bá wọn kọ ìwé sí kóòtù, nígbà tí ọjọ́ sì pé, ó bá wọn lọ, ó jókòó sẹ́yìn. Wọ́n mú Ameenah wọlé. Ó ti rù. Kò wo Ṣìkẹ́. Nígbà tí adájọ́ bi í, ó sọ ọ́ gaara, fúnra ẹ̀, láìsí ẹni tó gbà á lẹ́nu ẹ̀: òun ò mú ẹ̀gbà ọwọ́, òun ò sì jẹ́wọ́. Adájọ́ gbé ìwé sókè. "Ìka ta wá nìyí?"

"Ìka mi ni."

"Ó wà nínú ẹ̀ pé o kúnlẹ̀, o tọrọ àforíjì, wọ́n sì ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Mo kúnlẹ̀," Ameenah sọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Títí dé ibẹ̀ yẹn, ọmọ náà ò dárúkọ àgbà.

Wọ́n pe Ṣìkẹ́. Adájọ́ náà ti dàgbà díẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun, ó fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ṣìkẹ́ ní, "Ya Sheikh, èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n ní kó tẹ̀ka, èmi ló wò, mo mi orí sí i."

"Kí ló dé tó o fi ní kó tọrọ àforíjì tí kò bá ṣe nǹkan kan?"

"Àṣà wa ni. Tí àgbà bá ń bínú, ọmọ á kúnlẹ̀. Tó ṣẹ̀, tí kò ṣẹ̀."

Akọ̀wé kóòtù gbójú sókè. Rayan, tó wá ṣojú òtẹ́ẹ̀lì, rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ọwọ́ ẹ̀. Ṣìkẹ́ rí i.

"Ẹni tí kò ṣẹ̀ á kúnlẹ̀?" adájọ́ tún bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ya Sheikh."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ọ̀rọ̀ lè tán."

Adájọ́ wo Ameenah, ó wo ìwé iwájú ẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó tán?"

Ṣìkẹ́ ní kò tán.

"Ọdún mélòó lo ti ń bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀ níwájú ọlọ́pàá?"

"Ó tó ogún ọdún."

"Mélòó nínú wọn lo ti ní kó kúnlẹ̀?"

Ṣìkẹ́ ò retí ìbéèrè yìí. Dókítà ò sọ fún un pé wọ́n lè bi í. Ó dúró síbẹ̀, ojú àwọn èèyàn ń yọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ, ìyá arúgbó kan tí ìkámà ẹ̀ ti kọjá, tọkọtaya kan láti Òṣogbo. Ó ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ àwọn míì ṣe parí. Kò tẹ̀ lé wọn débẹ̀.

"Mi ò mọ iye wọn, ya Sheikh," ló sọ, omi sì ń jáde lójú ẹ̀ níwájú gbogbo wọn, níwájú Rayan, níwájú ọmọ náà.

Adájọ́ ní òun ò lè fi ìwé yẹn dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ní ohun míì. Rayan ní kámẹ́rà ojú ọ̀nà fi hàn pé èèyàn mẹ́ta ló wọ yàrá yẹn lọ́jọ́ náà: Ameenah, ẹni tó gbé aṣọ ìnura wá, àti ẹni tó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó ní wọn ò bi àwọn méjì yòókù ní nǹkan kan, torí wọ́n ti rí ẹni tó jẹ́wọ́. Adájọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá Ameenah sílẹ̀. Títí di òní, wọn ò rí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn.

Òtẹ́ẹ̀lì ò gba Ameenah padà. Ṣìkẹ́ ní tiẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ibi ìfọṣọ lábẹ́ ilé, wọ́n sì tún ìkámà ẹ̀ ṣe fún oṣù mẹ́ta péré, pé àwọn á wò ó. Kò bá wọn jà. Hussain ní kó dúpẹ́, ó dúpẹ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbọ́ ohùn Ameenah láti ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn kó tó lè lọ kí i. Sharifa ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Wọlé," ó sì padà sídìí iná. Ameenah jókòó sórí ìrọ̀rí, ó ń wo fóònù, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Khala."

"Ọmọ mi, o kú ewu."

"Ewu pọ̀," Ameenah dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó ti ojú bọ̀, tí kò dénú. Ó wá yí padà sí Lárúbáwá, bó ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. "Khala, ẹ sọ fún adájọ́ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò ṣẹ̀ náà ń kúnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ẹ ní kí n kúnlẹ̀, ṣé ẹni tí kò ṣẹ̀ ni mo jẹ́ lójú yín?"

Ìró ṣíbí dákẹ́ nídìí iná. Sharifa ń gbọ́.

Ṣìkẹ́ mọ ohun tó lè sọ. Ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu ẹ̀ rí. Ó lè ní "Ọmọ mi, báwo ni mo ṣe máa rò bẹ́ẹ̀ sí ẹ," kó dì mọ́ ọn, kí wọ́n jọ sunkún, kó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Dókítà ò mọ̀. Adájọ́ ò mọ̀. Hussain gan-an, kò sọ ọ́ fún un.

Ó ní, "Rárá. Mo rò pé o mú un."

Ameenah mi orí, díẹ̀díẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ohun tí mò ń rò nìyẹn. Mò ń sọ fún ara mi pé Khala ò lè rò bẹ́ẹ̀, pé àṣà lásán ni."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ẹ," Ṣìkẹ́ sọ.

"Wọ́n ti sọ fún mi," Ameenah dáhùn.

Ó dìde, ó gbé ife omi kan wá fún un, torí àlejò ni. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e sórí tábìlì, kò gbé e lé e lọ́wọ́. Ó padà jókòó, ó mú fóònù ẹ̀, ó ń wá iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ṣìkẹ́ mu omi náà tán, torí kò mọ ohun míì tóun lè ṣe, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ife òfìfo lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ, kò sì sẹ́ni tó tún bá a sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gáríbà.